Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọmọ-ọmọ àwọn bàbá tó ti Gánà dé

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ àwọn bàbá tó ṣe àtìpó ní Gold Coast (Gánà òde òní), ẹ̀yin akọ̀wé ẹbí, àti ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ìgbòho, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Èjìgbò,

Ẹ kú ìtọ́jú ilé bàbá.

Bí bàbá àgbà bá lọ, ojú-ewé kan ṣoṣo nínú ìwé ètò ìsìnkú ni ìtàn ayé rẹ̀ máa ń gbà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà níbẹ̀ nílé gbogbo. Wọ́n bí i “ní nǹkan bí ọdún 1910”. Ó lọ sí Gold Coast “láti wá ọrọ̀ ajé”. Ó jẹ́ “Kristẹni tòótọ́ àti bàbá rere”. Ó padà wálé ní 1969, ó sì fi ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ sáyé lọ. Tí ẹ bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, tí ẹ fi ti bàbá ilé kejì síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fura. Ohun tó ń dùn wá nìyẹn, òun ló sì mú wa kọ̀wé sí yín. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún gbé láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tó ń jí gbogbo ilé fún àdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń yọ ìdámẹ́wàá nínú èrè wóróbo, ó yẹ kí ìtàn tirẹ̀ dá yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Ìtàn náà ṣì wà. Ó wà nínú ìwé tí ẹ kò tíì tú wò, ó sì wà lẹ́nu àwọn ìyá àti bàbá díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 ní 1969 ti lé ní 70 ọdún báyìí. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí, kò tún sí ẹni tó fojú rí bí bàbá ṣe gbé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é, àti ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí ìwé bàbá fi fọ́n ká. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kọkànlá 1969, ni ìjọba Kofi Abrefa Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò nílẹ̀ Gánà. Ọ̀sẹ̀ méjì náà pé ní 2 oṣù Kejìlá. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa kò ní ìwé kankan, kì í sì í ṣe pé wọ́n jẹ́ arúfin. Nígbà tí wọ́n ń gba Parakou àti Djougou (ní Benin òde òní) kọjá, tàbí tí wọ́n ń gba etí òkun lọ, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni Gold Coast àti Nàìjíríà wà; kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ra ọjà àwìn. Ọjà inú sọ́ọ̀bù di ọ̀pọ̀ lójijì. Ohun tí apá ká ló wọ inú lọ́rì, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí Bíbélì, ìwé orin àti ìwé gbèsè bàbá nínú àpótí kan náà.

Rẹ́jísítà ìjọ kò bá wọn wálé. Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Gold Coast, àwọn oníṣòwò Yorùbá ló dá wọn sílẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù, wọ́n sì wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà títí wọ inú àwọn ọdún 1960. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó kù ń bá iṣẹ́ lọ ní Twi, èdè Gánà kan, àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ìtàn bàbá kan ṣoṣo ti pín sí ìlú méjì. Akọ̀wé ìjọ tó bá ń wá a ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan, ìdajì ló máa rí.

Bíbélì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí i síbi tí Málákì parí sí, kí Mátíù tó bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn Bíbélì Yorùbá àtijọ́, ewé kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ bàbá máa ń kọ ìbí ọmọ sí. Ẹ gbé e síbi ojú fèrèsé, kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ka ohun tó wà níbẹ̀. Bí tàdáwà bá yàtọ̀ láti ìlà dé ìlà, tí ìlà kan dúdú, tí òmíràn ti pọ́n bí ìpẹtà, tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ìkẹta, ó fi hàn pé bí ọmọ ṣe ń dé ni bàbá ń kọ ọ́. Bó bá jẹ́ tàdáwà kan ṣoṣo, tí ọwọ́ náà tẹ́ gọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, a jẹ́ pé ó jókòó lọ́jọ́ kan ni, ó ń rántí wọn. Ti àkọ́kọ́ ṣeé gbọ́kàn lé ju ti ìkejì lọ. Bí ẹ bá rí àgbélébùú kékeré tàbí ìlà tín-ínrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ti kú. Ẹ má fo orúkọ bẹ́ẹ̀. Bàbá kò fò ó.

Bí ẹ bá ń da á kọ, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, àkọtọ́ ayé ìgbà náà ni àwọn bàbá sì kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi: “aiye”, “enia”, “nwọn”, “Shaki”, “Ogbomosho”, “Offa”. Ọmọ-ọmọ tó kàwé máa ń fẹ́ tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un ṣe. Tí ẹ bá sọ “Shaki” di “Ṣakí” nínú ẹ̀dà yín, ẹni tó bá ń wá orúkọ náà nínú rẹ́jísítà àtijọ́ kò ní rí i mọ́. Ẹ kọ tirẹ̀ sókè, kí ẹ fi àkọtọ́ òde òní sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ oṣù tó kọ kò bá bára mu, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ẹni tó ń lọ sí ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ Ìsinmi kì í ṣi ọjọ́ ọ̀sẹ̀ mọ̀; iye ọjọ́ oṣù ló máa ń bi ọmọ iléèwé. Àwọn tí wọ́n bí ní Kumasi tàbí Accra tún ní ẹ̀rí mìíràn tí ilé ti gbàgbé, ìyẹn orúkọ tí àwọn aládùúgbò sọ wọ́n. Ọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń pè ní Kwadwo, ti Ìṣẹ́gun ni Kwabena, ti Ọjọ́rú ni Kwaku, ti Ọjọ́bọ̀ ni Yaw, ti Ẹtì ni Kofi, ti Àbámẹ́ta ni Kwame, ti Àìkú ni Kwasi. Obìnrin ní tiwọn, láti Adwoa títí dé Akosua. Bí wọ́n bá ṣì ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá yín ní Kofi títí dòní, tí ìwé sì ní Ọjọ́rú ni wọ́n bí i, ìwé yẹn ló ṣì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ẹni ńlá pàápàá. Kwame Nkrumah, olórí Gánà àkọ́kọ́, kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé àlùfáà tó ṣe ìsàmì òun ló fojú bu 21 oṣù Kẹsàn-án 1909 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbí òun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ yẹn, Kwame sì ni ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tí ọjọ́ ìbí olórí orílẹ̀-èdè bá lè jẹ́ àfojúbù àlùfáà, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín láti kọ “a fojú bù ú” sí ti bàbá yín. Ẹ sáà kọ ohun tí ẹ fi bù ú.

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù lọ ni káàdì ìtẹ̀bọmi. Ní ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe ìsàmì fún, nítorí náà ọjọ́ ìsàmì kì í jìnnà sí ọjọ́ ìbí bí òbí bá ti jẹ́ ọmọ ìjọ. Ti Onítẹ̀bọmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń rì sínú omi, ọmọ ọwọ́ kò sì lè jẹ́wọ́. Bí káàdì bá sọ 1931, ohun tó sọ fún yín ni pé bàbá ti gbọ́njú ní 1931, ó sì lè jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó lè jẹ́ 35. Ẹni tó bá gbẹ́ 1931 sára òkúta ibojì bí ọdún ìbí, yóò sọ bàbá di àbúrò àbúrò rẹ̀.

Ìwé tó níye lórí jù nínú àpò náà ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí. Nígbà tí ọmọ ìjọ bá ń ṣí lọ sí ìlú mìíràn, ìjọ tó ń kúrò nínú rẹ̀ máa ń fún un ní lẹ́tà tí yóò fà á lé ìjọ tó ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́tà náà máa ń kúrú, ìlà márùn-ún sí mẹ́wàá, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ẹ máa rí orúkọ rẹ̀ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é, ipò rẹ̀, bóyá ó jẹ́ díákónì tàbí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àti pé ọmọ ìjọ tó dúró ṣinṣin ni. Bí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ bá bọ́ sáàárín 18 oṣù Kọkànlá àti 2 oṣù Kejìlá 1969, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ ronú sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo èèyàn ń sá kiri wá lọ́rì, bàbá yín lọ bá akọ̀wé ìjọ pé kó kọ lẹ́tà fún òun kí òun lè jókòó sí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nílé. Gbólóhùn “Kristẹni tòótọ́” kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà lẹ́tà yẹn yẹ kó wà nínú fáìlì ìjọ tó gbà á. Ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ, ẹ wo fáìlì oṣù Kejìlá 1969 títí dé àárín 1970, kí ẹ kó wọn jọ sójú kan.

Nípa orúkọ, ẹ ṣọ́ra gan-an. Ọmọ lè fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣe orúkọ ìdílé, kí ọmọ tirẹ̀ tún fi tirẹ̀ ṣe é, kó má sí orúkọ kan tó lọ tààrà láti ìran dé ìran. Lọ́jà òkèèrè, ìlú ni wọ́n fi ń mọ èèyàn. Joseph Ogbomosho lè jẹ́ èèyàn mẹ́rin nínú ọjà kan. Oríkì ló máa là wọ́n: Joseph Àjàní yàtọ̀ sí Joseph Àkàndé, orílẹ̀ wọn sì lè yàtọ̀. Ẹ kọ oríkì àti orílẹ̀ mọ́ orúkọ gbogbo láti ojú-ewé àkọ́kọ́, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa so bàbá onílé pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Ìwé owó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ nù nítorí pé iye gbèsè ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó ń san ìdámẹ́wàá láìyẹ̀ sábà máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà. Ohun tó ń da ọmọ-ọmọ láàmú níbẹ̀ ni owó tó ń yí padà. Títí di 1965, pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ńsì ni: pẹ́ńsì 12 jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 jẹ́ pọ́n-ùn kan. Bí èrè oṣù bá jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè mẹ́wàá, ṣílè méje ni ìdámẹ́wàá. Ní oṣù Keje 1965 Gánà gbé cedi jáde. Pẹ́ńsì kan di pesewa kan, pọ́n-ùn kan sì di cedi 2.40. Ṣílè méje yẹn wá di pesewa 84. Ní oṣù Kejì 1967 wọ́n tún pààrọ̀ cedi, pọ́n-ùn kan di cedi tuntun méjì, ṣílè méje náà sì di pesewa 70. Ẹni tí kò mọ̀ yóò kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n lé Nkrumah kúrò, ìgbàgbọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Bàbá kò yí padà. Owó ìlú ló yí.

Owó tún wà tí kò kọ sí ìwé ìdámẹ́wàá. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa ń dáwó jọ ní ìlú òkèèrè fún ilé ìjọ, iléèwé tàbí mọ́sálásí nílé, nítorí náà orúkọ bàbá lè wà nínú ìwé ẹgbẹ́ àti nínú rẹ́jísítà ìjọ ilé fún oṣù kan náà. Ẹ tún gbójú sókè wo iwájú ilé tó kọ́. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì kọ ọdún sábẹ́ òrùlé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún ilé ọ̀hún kùn.

Ó kan àwọn àgbà wàyí. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí ara wọn ṣì mókun. Ìṣẹ́jú 40 tó, wákàtí kan ti pọ̀. Ẹ pa fáànù àti rédíò, nítorí ariwo fáànù tí etí ti mọ́ ni yóò bo ohùn ìyá nínú fóònù. Ẹ gbé fóònù méjì kalẹ̀, ọ̀kan sí ìwọ̀n apá kan sí ẹnu wọn, kí ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ìpè má bàa já ọ̀rọ̀ náà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́, ibi àti orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ sínú rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ọmọ tó gbọ́ ìtàn lẹ́ẹ̀kejì máa dáhùn fún ìyá tó fojú rí i. Nínú àwọn ohun tó ń ba ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò jẹ́, a ò rí èyí tó burú tó o.

Ẹ má bi wọ́n pé “ọdún wo ni?” Ìbéèrè yẹn máa ń pa ọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà. Ilẹ̀ mì ní Accra ní 22 oṣù Kẹfà 1939. Òòrùn di òkùnkùn ní ọ̀sán ní 20 oṣù Karùn-ún 1947, ní Gold Coast àti nílé pẹ̀lú. Ní 28 oṣù Kejì 1948 wọ́n yìnbọn fún àwọn sójà tó ti ogun dé ní Accra, wọ́n sì fọ́ sọ́ọ̀bù òyìnbó. Òmìnira Gánà jẹ́ 6 oṣù Kẹta 1957. Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Gánà ní oṣù Kọkànlá 1961. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní 24 oṣù Kejì 1966. Bí ìyá bá ní òun ti ń ru omi nígbà tí òòrùn ṣókùnkùn, ẹ ti rí ibi tí ẹ máa dúró lé: ọmọ tó ń ru omi kì í sábà kéré sí ọdún méje.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè nǹkan tí ọwọ́ ń ṣe. Nígbà àdúrà òwúrọ̀, ta ló ń jí àwọn yòókù? Orin wo ni bàbá máa ń dá? Ṣé ọmọ tó kéré jù ló ń ka ẹsẹ̀ Bíbélì, àbí kíkà ń yí kárí? Tí ọmọ bá sùn sórí orókún ńkọ́? Orúkọ àwọn wo ló máa ń dá nínú àdúrà, ta ló sì máa ń kẹ́yìn? Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ìyá kọ orin náà, kódà bí ohùn bá já níbì kan.

Bí bàbá bá gbé Tamale ní àríwá Gánà, ìbéèrè kan wà tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọjà àwọn Dagomba, onílẹ̀ ibẹ̀, kì í bá ọ̀sẹ̀ wa rìn. Bó bá ná ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni yóò tún ná, lẹ́yìn náà Àbámẹ́ta, lẹ́yìn náà Ẹtì. Èyí túmọ̀ sí pé nínú Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tí owó ń wọlé jù. Kí ni bàbá máa ń ṣe lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ó ń ti sọ́ọ̀bù pa? Ṣé ó ń ṣí i lẹ́yìn ìsìn? Ṣé ìyá ló ń ràn lọ jókòó tì í? Ẹ kọ ìdáhùn yòówù tí ẹ bá gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ń ṣí i láti òwúrọ̀, ẹ kọ ọ́ pé ó ń ṣí i. Gbèsè ẹrù tó gbà láwìn lè wà lọ́rùn rẹ̀, ìyẹn náà sì wà lára ìjàkadì ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe Onítẹ̀bọmi ni gbogbo wọn, kódà nínú ilé kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ ìyá kan náà sì lè jẹ́ díákónì àti Àlàájì. Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ Mùsùlùmí, ìwé ìrìnnà Mẹ́kà rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá rí ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, ẹ má rò pé tírà ni, ẹ má sun ún, ẹ má sì rì í mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà kan ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù lè jẹ́ iye ìbòrí tó tà, tàbí orúkọ ọmọ mẹ́jọ. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ewé rẹ̀, kí ẹ fi han ààfáà tó gbọ́ èdè méjèèjì.

Ìtọ́jú ìwé kò le, àmọ́ àṣìṣe ibẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe. Ẹ má lámínéètì rẹ̀: iná ẹ̀rọ náà ń ba tàdáwà jẹ́, rọ́bà yẹn kò sì ní ṣeé bọ́ mọ́ láìfa ìwé ya. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, yóò pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò sì jẹ ìwé wọlé. Ẹ yọ píìnì tó ti dípẹtà. Ìwé tó tutù, ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìbòòji láàárín ewé funfun, kí ẹ máa pààrọ̀ ewé náà. Fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á. Ẹ ya á láti òkè gíláàsì, kí ẹ yí i díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa tàn padà. Ẹ ya ẹ̀yìn fọ́tò pẹ̀lú, nítorí òǹtẹ̀ ayàwòrán àti orúkọ ìlú ibẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo pé bàbá dé Yendi tàbí Koforidua rí. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, pẹ́ńsùlù tó rọ̀ ni kí ẹ lò. Báírò máa ń yọ sí iwájú. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó) tó fún ìwé, 600 dpi ló yẹ fọ́tò kékeré. Ẹ kó ojúlówó sínú àpótí tó dé dáadáa, kí ẹ gbé e sórí tábìlì, kó jìnnà sí ògiri, nítorí ikán. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ní, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé ìlú yẹn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ìtàn náà, ọ̀rọ̀ ńlá ni kí ẹ sá fún. Orin tó ń dá, ṣílè méje, lẹ́tà tó gbà lọ́wọ́ akọ̀wé, ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí ọjà bọ́ sí Ìsinmi: ẹ tò wọ́n bí ẹ ṣe rí wọn, kí ẹ sì sọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín. Ojú-ewé mẹ́rin tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó le. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kò fọwọ́ sí oníyàwó méjì. Ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó kejì lè pàdánù àyè rẹ̀ níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kì í sì í di díákónì. Nítorí èyí, àwọn ẹbí kan máa ń yọ ìyàwó kan kúrò nínú ìtàn, kí bàbá lè mọ́ lójú ìjọ. Ìyàwó tí wọ́n sábà máa ń yọ sì ni èyí tí kò bá wọn wálé, ọmọ Dagomba tàbí ọmọ Asante, tó dúró lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nígbà tí lọ́rì gbéra. Bàbá lè má dárúkọ rẹ̀ mọ́ fún ọmọ kankan. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wo ewé tó wà láàárín Málákì àti Mátíù. Bí ọmọ mẹ́sàn-án bá wà níbẹ̀, tí mẹ́jọ péré sì wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, tí kò sí àgbélébùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹsàn-án, ọmọ yẹn kò kú.

Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ipò tí bàbá fi í sí, bóyá ìkẹrin ni tàbí ìkarùn-ún. Ẹ bi ìyá àgbà ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú agbo, kí ẹ sì pa fóònù bó bá ní kí ẹ pa á. Ẹ kọ̀wé sí ìjọ tí bàbá ń lọ níbẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà fọ́tò rẹ̀ àti oríkì rẹ̀ sí i, nítorí oríkì ni ìyá náà lè máa fi pè é. Bí ẹ bá wá ń tẹ ìwé náà, ẹ fi ewé tó kẹ́yìn sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i. Ẹ kọ orúkọ ìyá yẹn sí òkè rẹ̀ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ orúkọ ìlú rẹ̀.

Àwa tí a ń bá yín kó ìwé àwọn bàbá jọ.